Ọ̀rọ̀ Ilé Nínú Ìtàn Àwọn Ọmọdé Tí A Tú Láti Inú Èdè Dutch

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń pe ènìyàn àti bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn. Ìdí nìyí tí ìtàn àròsọ tó dá lórí ẹbí fi máa ń dán aṣògbufọ̀ wò gidigidi. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò fi ìtàn kan láti Nẹ́dálándì ṣàlàyé bí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sábà ń gbà kọjá ṣe lè fi ohun tí èdè Dutch àti Yorùbá jọ ní pamọ́ fún wa.

Guus Kuijer ni ó kọ ìwé náà, Het boek van alle dingen, ní ọdún 2004. Ní 2012, ó gba ẹ̀bùn ìrántí Astrid Lindgren ti ilẹ̀ Sweden. John Nieuwenhuizen ni ó tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Amsterdam ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní 1951. Thomas, ọmọ ọdún 9, ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ àti Margot. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn tó le, a sì máa na ìyàwó àti ọmọ. Obìnrin aládùúgbò kan, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní àjẹ́, ni ó ràn án lọ́wọ́ láti borí ẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orúkọ ìbátan. ‘Zus’ ni Dutch ń pe Margot. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé obìnrin ni, kò sọ ẹni tó dàgbà jù. Ní tiwa, ‘ẹ̀gbọ́n’ tàbí ‘àbúrò’ kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Aṣògbufọ̀ ní láti wá ọjọ́ orí kiri inú ìtàn. Margot ti pé ọdún 16, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni. Bákan náà, ‘neef’ lè jẹ́ ọmọkùnrin tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí ẹni bí, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni fúnra rẹ̀ bí. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló gba àkíyèsí jù. Dutch ní ‘jij’ fún ojúgbà àti ọmọdé, ó sì ní ‘u’ fún àgbà àti àlejò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní ‘o’ àti ‘ẹ’. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ti da méjèèjì pọ̀ sójú kan. Aṣògbufọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò ní láti fojú inú wò ó, bẹ́ẹ̀ ó wà kedere nínú ìwé àkọ́kọ́.

Yorùbá tún ní ohun tí èdè méjèèjì kò ní: a ń pọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ lé. Bí Thomas bá ń ro ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ṣé ‘wọ́n’ ni yóò lò tàbí ‘ó’? Ibi tí ‘wọ́n’ bá ti di ‘ó’ lọ́kàn ọmọ, òǹkàwé yóò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ti fọ́ nínú ilé náà. Bí aṣògbufọ̀ kò bá ronú síbẹ̀, ìrora ọmọ náà ni yóò sọnù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní Dungu, lẹ́bàá Tamale ní àríwá Ghana, níbi tí ọgbà University for Development Studies wà, Dagbani ni èdè ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìjọba bíi tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ tú irú ìtàn báyìí sí Dagbani yóò bá afárá Gẹ̀ẹ́sì kan náà pàdé lọ́nà.

Nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn sílẹ̀ kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Kí wọ́n bi ara wọn pé: ta ni àgbà? Ta ni ó ń bá ta sọ̀rọ̀? Irú ìfẹ́ tàbí ìbẹ̀rù wo ló wà láàárín wọn? Kí wọ́n sì jiyàn lórí ‘àjẹ́’, nítorí ọ̀rọ̀ náà wúwo létí wa ju bí ó ti rí lẹ́nu ọmọ Amsterdam lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí yóò mọ ilé Thomas, yóò sì tún mọ èdè ilé tirẹ̀ dáadáa.