Májèlé Ló Ń Sọ Òdòdó Di Ńlá!

Òdòdó kékeré kan wà nílẹ̀ Yúróòpù tó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè kú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí colchicine, oògùn tí àwọn dókítà ń fi bíńtín rẹ̀ wo oríkèé ẹsẹ̀ tó wú, tó ń ta ni. Àmọ́ iṣẹ́ kejì tí májèlé yìí ń ṣe ló ya aráyé lẹ́nu.

Lọ́dún 1937, ní Cold Spring Harbor, ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, Albert Blakeslee àti Amos Avery fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ lára ẹ̀yà apíkán kan, ọmọ ìyá ewé tí àwọn àgbà wa mọ̀ pé ó ń da orí ẹni rú. Okùn tín-ín-rín tó ń gbé àbùdá igi, tó jẹ́ 24 nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, di 48!

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn okùn yẹn, á wá fà wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Ohun tó ń fà wọ́n yìí ni colchicine ń bà jẹ́. Ni gbogbo wọn bá jókòó sínú ilé kan ṣoṣo. Ewé á nípọn, òdòdó á tóbi. Kò pẹ́ tí David Burpee, oníṣòwò irúgbìn l'Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta òdòdó marigold onílọ́po méjì.

Ṣé kò wá ní wàhálà ni? Ó ní i o! Ọ̀pọ̀ irúgbìn tí wọ́n bá rẹ sínú omi colchicine ló ń kú. Òmíràn á hù, ẹ̀ka kan á yí padà, èkejì á wà bó ṣe wà. Òmíràn kì í tètè dàgbà, èso rẹ̀ á sì dín.

Ibi tó kan àwọn tó ń fi ewé wo àìsàn rèé: wọ́n yẹ apíkán onílọ́po wò, wọ́n sì rí i pé oró inú ewé rẹ̀ lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé kan náà, orúkọ kan náà, agbára ti yàtọ̀. Ẹni tó bá ń ka ewé mẹ́ta bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kà á lè ṣèèṣì pa aláìsàn. Wíwọ̀n ni kí wọ́n wọn ohun tó wà nínú ewé bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó.

Ẹ̀yin tó ń gbin òdòdó, ẹ má dán colchicine wò nílé o! Bó ṣe ń dá sẹ́ẹ̀lì igi dúró ló ń dá ti èèyàn náà dúró. Òdòdó ńlá dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò láàrọ̀.