Ẹni Tí Ó Bá Ń Ta Òjò, Kí Ó Mú Òṣùwọ̀n Wá

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé bí ìnáwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹlòmíràn a máa sanwó fún ẹni tí yóò dá òjò dúró. Bí òjò kò bá rọ̀, oníṣẹ́ a gba ìyìn. Bí ó bá rọ̀, wọn a ní ọ̀tá ni ó rán an. Lọ́nà méjèèjì, owó ti lọ. Ìbéèrè tí a kì í béèrè ni èyí: bí a kò bá sanwó rárá, kí ni òjò ìbá ṣe ní ọjọ́ náà?

Ìbéèrè yìí kan náà ni ó ti ń dààmú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fi ọkọ̀ òfurufú mú òjò rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa: ní ọdún 1998, ìjọba Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pè é ní Saaga, èyí tí í ṣe òjò ní èdè àwọn Mossi. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ owó ìlú ni a ń ná sí i, ó yẹ kí ará ìlú mọ bí a ti ń dán an wò.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1946, ní Amẹ́ríkà, Vincent Schaefer fọ́n yìnyín gbígbẹ láti inú ọkọ̀ òfurufú sínú ìkùukùu nítòsí òkè Greylock. Òjò dídì, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nínú Bíbélì nìkan, sì jábọ́ láti inú rẹ̀. Láìpẹ́, Bernard Vonnegut rí i pé eruku silver iodide, tí fàdákà wà nínú rẹ̀, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Omi inú ìkùukùu orí òkè a máa tutù gan-an láì dì, nítorí kò rí ohun tí yóò dì mọ́. Eruku náà a di irúgbìn fún un. Omi a dì mọ́ ọn, a wúwo, a sì wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkùukùu a máa rọ òjò dídì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Báwo ni a ó ṣe ya ọ̀kan kúrò lára èkejì? Wọ́n a bu òjò dídì titun sínú ohun èlò mímọ́, wọn a sì wá fàdákà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, oníṣòwò mọ̀ pé bí a bá rí àpò tí ó ní àmì wa ní ọjà Ìkọ̀tún, ó fi hàn pé àpò náà dé ọjà. Kò fi hàn pé ọmọ iṣẹ́ wa ni ó tà á. Òjò dídì lè gbá eruku fàdákà mọ́ra lójú ọ̀nà lásán. Nítorí èyí ni Joseph Warburton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Desert Research Institute, Nevada, fi tú eruku índíọ̀mù sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti fàdákà ní òkè Sierra Nevada. Índíọ̀mù kì í mú omi dì. Òjò kàn lè gbá a ni. Bí fàdákà inú òjò dídì bá pọ̀ ju ti índíọ̀mù kọjá ìwọ̀n tí a fi tú wọn sílẹ̀, a mọ̀ pé èlé fàdákà náà ni irúgbìn tí ó hù.

Wíwọn omi náà ṣòro. Ní ti òjò wa, mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Òjò mìlímítà 20 lórí òrùlé mítà 10 níbùú lóròó ní Ẹgbẹ́dá yóò kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 80. Ṣùgbọ́n òjò dídì fúyẹ́ bí òwú. Afẹ́fẹ́ a gbé e kọjá ẹnu òṣùwọ̀n, nítorí náà wọn a ṣe ọgbà yí òṣùwọ̀n ká. Ní Idaho, ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n fi rédà kún òṣùwọ̀n ilẹ̀. Ní ọjọ́ 19, òjò dídì tí wọ́n gbìn rọ̀ fún ìṣẹ́jú 67 tàbí bẹ́ẹ̀. Jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbòòrò: omi ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n wọ̀n lé ní mílíọ̀nù 700 lítà, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 28 kẹ́ẹ̀gì. Òjò àtọ̀runwá kéré ní àwọn ọjọ́ náà, ipa ọkọ̀ òfurufú sì hàn lójú rédà. Èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìkùukùu ni yóò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2020 ni wọ́n tẹ ìwọ̀n yìí jáde, ọdún 74 lẹ́yìn iṣẹ́ Schaefer. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta òjò fún wa, tàbí tí ó fẹ́ dá a dúró, ìbáà wọ agbádá, ìbáà wọ kóòtù, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun mẹ́ta: kí ni òjò ìbá ṣe láìsí òun, níbo ni àmì rẹ̀ wà, èló sì ni ó wọ̀n? Bí kò bá rí èsì wí, ẹ jẹ́ kí a fi owó náà kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé wa, nítorí òjò tí ń bọ̀ kò ní béèrè iye tí a san.