Oúnjẹ Ojú Ọ̀nà fún Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ṣúgà

 Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n dín gàrí, búrẹ́dì, ìrẹsì àti nǹkan dídùn kù nítorí àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá ń ṣe é dáadáa nílé ní Ìbefun, ó lè gbàgbé rẹ̀ bí mọ́tò bá ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Kí ni wọ́n máa ń gbé wá bá wa bí ọkọ̀ bá dúró ní Ọ̀rẹ̀? Búrẹ́dì, ìpékeré, bisikíìtì àti míníràá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í tètè bàjẹ́ nínú oòrùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gàrí Ìjẹ̀bú tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò míníràá: bí ó bá ní gíráàmù ṣúgà 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50 sẹ́ńtílítà ti gbé gíráàmù 50 wọlé, nǹkan bí ṣíbí tíì 12. Dàbínù gbígbẹ pàápàá ní ju gíráàmù ṣúgà 60 lọ nínú gíráàmù 100. Ẹyọ kan tàbí méjì tó.

Ẹyin, ẹja àti ẹran kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà nínú rárá, ṣùgbọ́n àwọn ló ń tètè bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oúnjẹ sísè má ṣe ju wákàtí 2 lọ láìsí nínú òtútù tàbí lórí iná. Nítorí náà, ẹ gbé ẹyin sísè àti ẹja díndín sínú kúlà oníyìnyín, kí ẹ má sì bó ẹyin títí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Bí kò bá sí kúlà, ẹ mú ẹ̀pà yíyan, àgbọn, ikàn àti apálá dání. Kílíṣí náà dára, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹran ḥàlálì ni, tí wọn kò sì fi ṣúgà sí i. Búta àlùwàlá yín wúlò fún ọwọ́ fífọ̀, ẹ ṣáà fi ọṣẹ kún un.

Ibi tó léwu jù nìyí. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tàbí tó ń lo oògùn bíi Daonil, kò gbọdọ̀ lo oògùn kó má jẹun. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù: òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Lọ́jọ́ náà, ṣúgà ni oògùn. Kí ó mu ṣíbí tíì 3 sí 4 nínú omi, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì yá, kí ó tún mu ún, kí ó sì wá oúnjẹ jẹ lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sápò, kí ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín. Kí ẹ tó lọ, ẹ bi dókítà bí ẹ ó ṣe lo oògùn lọ́jọ́ ìrìn àjò. Ọlọ́run ó mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀ láyọ̀. Àmín.