Ìjọ tó fara da ìyà, tó sì ń wo àìtọ́ níran

Ìlobì ni mo ti gba ohùn ètò yìí sílẹ̀, nílé ìyá àgbà. Adìẹ ló ń ké lẹ́yìn mi yẹn, ẹ má bínú.

Nínú Ìwé Ìfihàn orí kejì, lẹ́tà kan wà fún ìjọ Pẹ́gámù, ìlú tí wọ́n ń pè ní Bergama lónìí ní Tọ́kì. Wọ́n ti kọ́ tẹ́ńpìlì síbẹ̀ fún olú-ọba Róòmù, ojú ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n sì lè fi wo ẹni tí kò bá bá wọn bọ ọ́. Wọ́n pa Áńtípà, ọmọ ìjọ, síbẹ̀ àwọn tó kù kò sẹ́ Jésù. Lẹ́tà náà yìn wọ́n fún èyí, lẹ́yìn náà ló wá bá wọn wí: àwọn kan láàrin yín ń kọ́ni pé kò sí aburú nínú ẹran òrìṣà àti àgbèrè, ẹ sì gbà wọ́n láyè.

Ẹran yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán. Ní ayé Róòmù, níwájú òrìṣà ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti sábà máa ń ṣe àsè. Tó o bá kọ̀ tí o ò bá wọn jẹun, ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún ọ? Olùkọ́ tó bá wá ní "jẹ ẹ́, kò sí nǹkan kan", dídùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn létí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní 1846 ni Townsend àti Crowther fìdí iṣẹ́ ìhìnrere kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1849, wọ́n na àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀, wọ́n kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹwàá 1867 ni Ìfọ́lé: wọ́n kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tó dúró kò jẹ́ kí iná ìjọ kú.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó fara da gbogbo èyí, ọ̀pọ̀ ló ní ẹrú lóko àti nídìí òwò, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. Àlàyé wọn ni pé ẹrú ilé ò yàtọ̀ sí ọmọ ilé. Nínú ìjọ tí àwọn Sàró, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oko ẹrú, bá wọn dá sílẹ̀ o! Crowther fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí.

Ní 1877, wọ́n rán James Johnson wá ṣe alábòójútó. Ó ní kí wọ́n tú ẹrú sílẹ̀. Ní 1879, CMS náà pinnu pé òṣìṣẹ́ wọn ò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Ìjọ kọ ẹ̀yìn sí Johnson, nígbà tó fi di 1880, wọ́n ti mú un kúrò.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ní yunifásítì, bùọ̀dá kan ló dúró tì wá nígbà tí wọ́n ti ilé ìpàdé wa pa. Nígbà tó wá ń ná owó ẹgbẹ́ bó ṣe wù ú, ẹnikẹ́ni ò lè là á lójú. Èmi ni mo ń kọ ìwé owó. Mo dákẹ́. Ẹni tó ti jìyà pẹ̀lú ẹ, báwo lo ṣe fẹ́ pè é lẹ́lẹ́ṣẹ̀?

Mo sọ ìtàn Abẹ́òkúta fún ìyá àgbà lálẹ́ àná. Wọ́n ní, "Áńtípà yẹn, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹrú yẹn ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan sọ, ni wọ́n bá ní kí n wá bá wọn pa fìtílà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó tẹ̀ lé Johnson padà sí Èkó.