Àtikí àti Kíkí: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Méjì nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹdẹ ń kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọjọ́ ọdún. Ó fẹ́ sọ pé bí àwọn onílù ti ń kọjá lọ, wọ́n dúró kí Tìmì. Ohun tí ó kọ ni: “The drummers stopped greeting the Timi.” Ọ̀tẹ̀ ni ó kọ sílẹ̀ láìmọ̀, nítorí ìtumọ̀ gbólóhùn náà ni pé àwọn onílù kò kí ọba mọ́. “Stopped to greet” ni ì bá kọ. Ní ìlú tí Tìmì Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, ti jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù lílù, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí ìlù, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Kí ni ó fà á? Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo “stop” kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dúró kì í ṣe ẹni tí ó dẹ́kun. Ìyàtọ̀ ti hàn kí ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tó dé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kejì ni ó ru gbogbo ẹrù náà.

Síbẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú èdè rẹ̀. A lè tú “láti kí” sí “ní àtikí”. Àtikí, àtijẹ, àtilọ: iṣẹ́ tí ó ṣì wà níwájú ni wọ́n ń tọ́ka sí. Kíkí, jíjẹ, lílọ ń dárúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìbáà ti ṣẹlẹ̀, ìbáà sì máa lọ lọ́wọ́. “To greet” bá àtikí rìn, “greeting” sì bá kíkí rìn. Ẹni tí ó wí pé “I remembered to beat the drum” kọ́kọ́ rántí ná, kí ó tó lu ìlù. Ẹni tí ó wí pé “I remembered beating the drum” ti lù ú tán kí ìrántí tó dé. Bákan náà ni “want”, “hope”, “decide” àti “promise” ń wo iwájú, tí wọ́n sì ń béèrè “to”. “Finish” àti “enjoy” kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò mú gbogbo wọn. “Suggest” ń wo iwájú, síbẹ̀ ó kọ “to” pátápátá. Irú wọn ni a ní láti há sórí.

“Make” ní ọ̀ràn tirẹ̀. Yorùbá a máa fi “kí” sáàárín: “Ó mú kí n jó.” Akẹ́kọ̀ọ́ wá “kí” yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i, ó sì fi “to” dípò rẹ̀: “He made me to dance.” “He made me dance” ni ó tọ̀nà. Àfi bí ẹni tí a mú jó bá di olùwà gbólóhùn ni “to” tí a lé jáde yóò padà wọlé: “I was made to dance.” Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé ọwọ́ kan náà tí ó ń fún “make” ní “to” tí kò béèrè ni ó ń gba ti “enable” lọ́wọ́ rẹ̀: “This will enable him go.” Àǹfààní àtilọ ni “enable” ń fún ènìyàn, “enable him to go” ni kí a kọ.