Iye Ènìyàn àti Ọ̀nà Ọkọ̀ ní Ìdànrè

Ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006 fi hàn pé ènìyàn 129,024 ni ó ń gbé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè ní iye ará ìlú Ìdànrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìlú nìkan. Ó kó Odòde, Aládé àti Atòsin pọ̀, ó sì kó gbogbo abúlé àti ahéré tí ó wà nínú igbó kòkó mọ́ wọn. Ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà fẹ̀ tó kìlómítà 1,914 níbùú lóròó. Bí a bá pín àwọn ènìyàn náà sórí rẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 67 ni yóò bọ́ sí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ní Gúúsù Àkúrẹ́ tí ó wà nítòsí, ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Èrò pọ̀ ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n ká.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nígbà àtijọ́. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn tẹ̀ dó sí, ní Ufẹ̀ Òkè, tí àpáta yí ká bí odi. Níbẹ̀ ni ààfin Ọwá wà, ibẹ̀ náà ni àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí ní ọdún 1896. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn 660 tí àwọn àlejò ń gùn lónìí yóò mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí ó lè dé ibẹ̀. Bí oko kòkó ti ń pọ̀ sí i nísàlẹ̀, ìgbé orí òkè di wàhálà, nítorí orí ni wọ́n fi ń ru ohun gbogbo. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè.

Ọ̀nà Àkúrẹ́, tí ó gùn tó nǹkan bí ogún kìlómítà, ni ó so Ìdànrè mọ́ ayé jù lọ. Ọkọ̀ ojú irin kò gba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá; pápá ọkọ̀ òfuurufú wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni àgbẹ̀ ń wá. Ohun tí àgbẹ̀ ń wá ni ọ̀nà tí yóò gbé kòkó rẹ̀ láti inú igbó dé ojú ọ̀dà.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìgbà tí òjò kò tíì dá tán, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án lọ, ni kòkó máa ń pọ́n jù. Wọ́n ó fọ́ ọ, wọ́n ó bò ó fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó lè wú, kí wọ́n tó sá a. Kòkó tí kò gbẹ dáadáa yóò bu, iye rẹ̀ yóò sì já. Nígbà tí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kò ní wọlé. Ọ̀kadà ni yóò máa gbé àpò kọ̀ọ̀kan jáde, owó ọkọ̀ yóò sì gorí ọjà. Ẹni tí ó wá ra kòkó náà kò ní gbàgbé láti yọ owó ìnira ọ̀nà kúrò nínú ohun tí yóò san. Ọ̀nà kan náà ni aboyún tí ó ń rọbí ní ahéré yóò gbà dé ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀ Ìdànrè nà títí dé Òfòsù, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ọ̀rẹ̀ sí Benin. Igbó ńlá ni ó wà láàárín Òfòsù àti Odòde. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba inú igbó lè ní láti yí gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ kí ó tó dé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀.

Àwọn àgbàṣe láti ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn Ẹbira àti àwọn ará Bẹ́núè pẹ̀lú, wà nínú àwọn tí ń gbé nínú igbó wọ̀nyí. Wọ́n ń ṣí kiri bí iṣẹ́ oko bá ti gbà, ó sì ṣòro fún akànìyàn láti bá wọn nílé ju ará Odòde lọ. Ìkànìyàn tí ìjọba dá fún oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n sún síwájú. Ahéré tí ó jẹ́ ilé mẹ́ta ní ọdún 2006 lè ti di abúlé, síbẹ̀ iye ìgbà náà ni ìkànìyàn ìkẹyìn tí ó wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà àti ilé ìwòsàn yóò dé.