Ikú Ilé Nínú Ọkọ̀ Òṣùpá: Orúkọ Wo Ló Yẹ Ọ̀tá Tí Ojú Kò Rí?

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àròsọ nípa ìrìnàjò sí ojú sánmà jíjìn yóò rí i pé orí òwe yìí ni ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ọkọ̀ kúrò láyé, ó wọ inú òkùnkùn. Kò pẹ́, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé àwọn nìkan kọ́ ni ó ń bẹ níbẹ̀. Ohun kan tí ojú kò rí ń bá wọn gbé, ó sì ń wá ọ̀nà láti pa wọ́n. Olùtumọ̀ Yorùbá tí irú ìtàn yìí bá kàn kì í wá ọ̀rọ̀ tì: iwin ń bẹ, àǹjọ̀nú ń bẹ, ẹ̀mí àìrí náà sì ń bẹ.

Ṣùgbọ́n irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ti bá ènìyàn gbé inú ọkọ̀ rí ní tòótọ́. Afẹ́fẹ́ ni, iwin kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro olùtumọ̀ àti olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tí a bá fún ọ̀tá yìí ni yóò sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ bí a ti í sá fún un.

Ọkọ̀ tí a pa dé ní etíkun Àgbádárìgì

Kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òṣùpá tó dé, etíkun Àgbádárìgì ti mọ ọkọ̀ tí ó ní ikú nínú. Láàárín ìlú náà àti òkun ni ọ̀sà wà, àti erékùṣù Gberefu tí a mú àwọn ẹrú gbà kọjá lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ní 1788, Alexander Falconbridge, oníṣègùn tí ó ti bá ọkọ̀ ẹrú ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde lórí òwò náà ní etíkun Áfíríkà. Ó ṣàlàyé pé bí òjò bá dé, wọn a ti àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ooru a mú, èémí a há, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ kankan fún ohun tí ó ń fún wọn lọ́rùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ẹrú ni Àjàyí, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Òun náà ni ó di Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, kí ó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nínú Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún ohun tí ó wà láàyè láìní ara. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀mí àti èémí. Ọ̀rọ̀-ìṣe mí ni ó bí wọn. Nítorí náà, láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń mí sínú ń rìn lẹ́bàá ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ó ní láti ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Apollo 13

Ní 11 oṣù kẹrin 1970, ọkọ̀ Apollo 13 gbéra láti Florida ní Amẹ́ríkà, ó dorí kọ òṣùpá. James Lovell ni ọ̀gá ọkọ̀. Jack Swigert àti Fred Haise wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀ ni: ọkọ̀ àgbà tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, àti ọkọ̀ kékeré tí ń jẹ́ Aquarius, èyí tí ènìyàn méjì ì bá fi sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá.

Ní 13 oṣù náà, nígbà tí wọ́n ti fi nǹkan bí 320,000 kìlómítà jìnnà sí ayé, ọ̀kan nínú àwọn àgbá ọ́síjìn bú gbàù. Ìwádìí tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ewu náà ti wà nínú àgbá kí ọkọ̀ tó gbéra. Iná mànàmáná fóltì 65 ni wọ́n tàn sí ohun tí ó yẹ kí ó máa dá ooru inú àgbá dúró, bẹ́ẹ̀ fóltì 28 ni a ṣe é fún. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́; ooru pọ̀ kọjá ààlà, ó sì ba ohun tí a fi bo wáyà inú àgbá jẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọkọ̀ àgbà kò ní agbára mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sínú Aquarius, tí a ṣe fún ènìyàn méjì fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, wọ́n sì fi í ṣe ilé fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Níbí ni olùtumọ̀ lè ṣìnà. Ó rọrùn láti kọ pé afẹ́fẹ́ ń tán lọ nínú ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ́síjìn inú Aquarius tó wọn lò. Ohun tí ó fẹ́ pa wọ́n ni èyí tí àwọn fúnra wọn ń mí jáde. Nínú afẹ́fẹ́ ìta gbangba, gáàsì yìí jẹ́ nǹkan bí ìdá 4 nínú 10,000. Nínú èyí tí ènìyàn mí jáde, ó tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Níbi tí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn a gbé e lọ. Nínú ọkọ̀ tí a pa dé, ṣe ni ó ń pọ̀ sí i: orí a fọ́, èémí a yára, òye a dàrú, ikú a sì tẹ̀ lé e.

Agolo kan wà nínú ọkọ̀ tí a kó lítíọ́ọ̀mù háídírọ́ksáídì sí. Kẹ́míkà yìí ni ó ń gbá gáàsì náà mú bí afẹ́fẹ́ ti ń gba inú agolo kọjá. Èyí tí ó wà nínú Aquarius kò lè tó ènìyàn mẹ́ta títí dé ilé. Ọkọ̀ àgbà ní agolo tirẹ̀ tí ó tó, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ni, ojú ihò Aquarius sì rí róbótó. Iná ìkìlọ̀ tàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Houston fi irú ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ nìkan dán ọgbọ́n wò: ọ̀rá, páálí, rọ́bà aṣọ ìrìnàjò, àti tẹ́ẹ̀pù àlẹ̀mọ́. Wọ́n ka ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é sí àwọn ará ọkọ̀ létí lórí rédíò, ní ẹsẹẹsẹ. Wọ́n ṣe é, ó ṣiṣẹ́, gáàsì náà sì lọ sílẹ̀. Ní 17 oṣù kẹrin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀ sínú Òkun Pàsífíìkì.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò ni ó gbà wọ́n là. Bí orúkọ ohun kan bá ṣe méjì nínú ìtọ́sọ́nà náà, wọn kì bá tí mọ èyí tí wọn yóò mú.

Àwọn orúkọ tí kò tó

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó sábà ń wá sọ́kàn bí a bá fẹ́ pe gáàsì yìí ní Yorùbá. Èkíní ni afẹ́fẹ́ burúkú. Etí gbọ́ ọ dáradára, ṣùgbọ́n etí gbọ́ àìsàn àti ogun ayé mọ́ ọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ báyìí yóò wá ètùtù kí ó tó wá fèrèsé. Èkejì ni èéfín. Èéfín ní àwọ̀, ó ní òórùn, ó ń ta ni lójú; gáàsì tí à ń wí kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ àmíjáde. Èyí sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n àdàlù ni ohun tí ènìyàn ń mí jáde: ọ́síjìn púpọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi lè fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹni tí ó dákú.

Ẹ̀kẹrin ni àyálò pátápátá: kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò la ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àbúrò kan, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì, tí ó yàtọ̀ sí i gidigidi. Iye tí ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn fara pamọ́ sínú dáyọ́- àti mọnọ́-, tí kò sọ nǹkan kan fún ọmọ Yorùbá.

Orúkọ tí a dábàá

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń pe onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin láìsí wàhálà. Bí a bá yá orúkọ àwọn èròjà nìkan, tí a sì fi ìhun Yorùbá so wọ́n pọ̀, a ó ní kábọ́ọ̀nù ọlọ́síjìn-méjì àti kábọ́ọ̀nù ọlọ́síjìn-kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ bí a ti to gáàsì náà: kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú ọ́síjìn méjì, tàbí kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú ọ́síjìn kan.

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò lo èédú dípò kábọ́ọ̀nù. Èédú dára nínú àlàyé olùkọ́, ṣùgbọ́n dáyámọ́ńdì náà kábọ́ọ̀nù ni, kò sì sí ẹni tí yóò pe dáyámọ́ńdì ní èédú. Ohun tí a ń dáná ni kí èédú máa jẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ń gba ẹ̀mí là

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré orúkọ. Ní Nàìjíríà, bí iná bá lọ, àwọn mìíràn a máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé kí wọ́n tó sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ilẹ̀ ti mọ́ tí a bá odidi ìdílé nílẹ̀ ní òkú. Àwọn aládùúgbò a ní wọ́n jẹ májèlé, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kábọ́ọ̀nù ọlọ́síjìn-kan ni. Ó ń di mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní àyè fún ọ́síjìn mọ́.

Obìnrin tí ń yan ẹja ní etíkun Àgbádárìgì mọ̀ ìgbà tí èéfín pọ̀, nítorí pé omi yóò bọ́ lójú rẹ̀, yóò sì yẹra. Ọlọ́síjìn-kan kì í ta ni lójú. Ọlọ́síjìn-méjì a máa mú ènìyàn mí gúlegúle, ó ń kìlọ̀ kí ó tó pani. Ọlọ́síjìn-kan lè mú oorun kun ènìyàn títí ikú yóò fi dé. Agolo tí ó gba àwọn ará Apollo 13 là kò lè mú un rárá. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá pe àwọn méjèèjì ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ti kọ́ ọmọ pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá rí èéfín, kò séwu.

Ìgúnlẹ̀

Ní 1970 kan náà tí Apollo 13 pa dà wá sílé ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ètò náà fi hàn pé èdè náà lè ru ẹrù yìí. Ohun tí ó kù ni kí ẹrù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí kò ní tan ọmọ jẹ.

Àwọn tí a dè sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ẹrú kò ní orúkọ fún ohun tí ń pa wọ́n, wọn kò sì ní ọwọ́ tí wọn ì bá fi ṣí ihò ọkọ̀. Lovell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ ọ̀tá wọn, wọ́n ní òṣùwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ní agolo tí ń mú un. Ìdílé tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra lálẹ́ yìí, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé wọn, ní ọwọ́ tí wọ́n lè fi gbé e jìnnà sílé. Orúkọ ni wọn kò tí ì ní.